Ọdún Tí Orí Òkè Wa Pọ́n

Ọjọ́bọ̀, 19 Oṣù Kejì, 2015

Mo rí igi páìnì mẹ́rin tí orí wọn ti ń pọ́n nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí oko kọfí Don Saturnino. Oje ni mo lọ kó. Mo kọ́kọ́ rò pé oòrùn ló ń ṣe mí lójú. Nígbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo rí i pé oje ti yọ kókó-kókó lára èèpo wọn, ó ti gbẹ, ó funfun, bíi gúgúrú tí ẹnìkan lẹ̀ mọ́ igi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Eruku pupa kan sì wà ní ìdí wọn, ó kúnná bíi kọfí tá a lọ̀.

Mo sọ fún Rigo ọkọ mi nígbà tá a ń jẹun. Ó ní ọ̀dá ni. "Ọdún kejì rèé tí òjò ò rọ̀ dáadáa. Kí lo fẹ́ kí igi ṣe, kó máa rẹ́rìn-ín?"

Bàbá mi gbé tọ́tíyà àgbàdo rẹ̀ sílẹ̀, kò jẹ ẹ́ tán.

Àìkú, 22 Oṣù Kejì

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá ní kí n tẹ̀ lé òun. Ó fi àdá ṣí èèpo ọ̀kan nínú igi mẹ́rin yẹn. Èèpo náà ò le rárá, ó ṣí wẹ́rẹ́ bí ìgbà téèyàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀nà tó lọ́ síhìn-ín lọ́ sọ́hùn-ún, ọ̀kan ń gba orí èkejì kọjá. Kòkòrò dúdú wà nínú wọn, kò tó hóró ìrẹsì. Bàbá mú ọ̀kan, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa.

"Àwọn ni," ó ní. "Mo ti rí wọn rí, kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Wọ́n jẹ òkè tó wà lẹ́yìn odò tán pátá. Òjò ló wá lé wọn lọ."

Mo bi í pé báwo ni òjò ọjọ́ náà ṣe pẹ́ tó kó tó dé. Ó nu èékánná rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Ajé, 2 Oṣù Kẹta

Ẹnjiníà láti ilé-iṣẹ́ igbó dé lónìí. Dunia lorúkọ rẹ̀, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, eruku ti bò ó dé orókùn. Ó ní gbogbo abúlé tí òun ń dé, ọ̀rọ̀ kan náà lòun ń sọ, ohùn òun sì ti ń ha.

Ó mú ọ̀dà pupa, ó sàmì sí àwọn igi tí kòkòrò ti wọ̀. Ẹ̀rù bà mí, torí pé ewé àwọn mìíràn nínú wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀dà búlúù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí àwọn tí nǹkan kan ò ṣe. Ibẹ̀ ni Bàbá ti dá a dúró.

"Ọmọ mi, àwọn wọ̀nyí ò ṣàìsàn."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí tá a fi máa gé wọn nìyẹn. Tí kòkòrò bá jáde nínú èyí tó ti kú, èyí tó sún mọ́ ọn ló máa bà lé. Tí kò bá bá igi níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa parí sí."

"Ṣé pé kí n pa ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le, torí pé àgùntàn ń húkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló ni ewúrẹ́ náà?"

Ọ̀dà búlúù yẹn, inú ìpín Bàbá ló bọ́ sí, gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń hù ú ló ti ń gba oje lára àwọn igi yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló la ojú tí oje ń gbà jáde sí wọn lára. Ó mọ èyí tó máa ń sun oje púpọ̀ tí òtútù bá mú láàárọ̀, ó mọ èyí tó láhun. Oje yẹn ló fi sin ìyá mi, òun ló sì fi rà mí ní bàtà àkọ́kọ́.

Ó yí padà, ó dá sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

"Òjò máa rọ̀," ló sọ nígbà tí mo gbé kọfí fún un. "Ẹ jẹ́ ká dúró de òjò."

Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kẹta

Ìpàdé ẹgbẹ́ agboje ní yàrá iléèwé. Don Saturnino tó jẹ́ alága wa ló kọ́kọ́ dìde.

"Abundio, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè níwájú gbogbo èèyàn. Ṣé igi lo bí ni àbí ọmọ?"

Bàbá ò dìde. "Ọmọ tí mo bí, oje ló jẹ dàgbà. Ìwọ ńkọ́, kí lo fi kan páànù ilé rẹ? Ṣé ẹnu tó o fi ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni?"

Ilé rẹ́rìn-ín. Don Saturnino náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré. Àmọ́ ojú rẹ̀ le kíá. "Tó bá kọjá ọ̀dọ̀ rẹ, ọ̀dọ̀ mi ló kàn. Lẹ́yìn tèmi, ti gbogbo wa nìyẹn. Mò ń bẹ̀ ọ́, Abundio. Èmi kì í bẹ èèyàn, o mọ̀ mí."

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gé igi inú ìpín ẹlòmíì láìjẹ́ pé onítọ̀hún fọwọ́ sí i. Bàbá ní òun ò fọwọ́ sí i. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde. Gbogbo wọn wá ń wò mí, bí ẹni pé èmi ni mo fi í pa mọ́ sábẹ́ aṣọ mi.

"Ẹ fún un láyè díẹ̀," ni mo sọ. Kí ni mo tún lè sọ?

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kẹta

Ooru. Ẹ̀wà pupa ti tún gbówó lórí. Mi ò lè fojú ka àwọn igi tó ti pọ́n mọ́ láti ẹnu ọ̀nà wa.

Ajé, 16 Oṣù Kẹta

Rigo àti àwọn ọkùnrin ń gé àwọn tó ní ọ̀dà pupa. Iṣẹ́ náà ò ní láárí tí wọn ò bá gé ti búlúù mọ́ ọn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Rigo ò bá Bàbá jà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń kí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa, Bàbá?" Ìyẹn gan-an ló ń bí Bàbá nínú.

Ẹyẹ àkókó ti pọ̀ jù lórí òkè. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń sọ igi, kò, kò, kò. Keyla ọmọ mi bi mí pé, "Màmá, ta ni wọ́n ń kanlẹ̀kùn fún tí kò ṣílẹ̀kùn?"

Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹta

Mo jí, Bàbá ò sí nílé. Mo gòkè lọ. Mo bá a nínú ìpín rẹ̀, ó ń yọ àwọn agolo tí oje ń kán sí kúrò lára igi, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń fi ewé nù wọ́n, ó ń tò wọ́n sínú ara wọn.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń kó agolo mi. Àbí ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ gé e mọ́ igi ni?"

Bó ṣe sọ fún mi pé òun ti gbà nìyẹn. Mo bá a kó o. A dé ìdí èyí tó gbẹ̀yìn. Oje ṣì kún inú agolo ọ̀hún. Ó wò ó títí, ó dà á sínú garawa, ó ní, "Eléyìí ò mọ̀ pé ọ̀dá wà."

Ajé, 23 Oṣù Kẹta

Wọ́n gé ìpín Bàbá lónìí.

Ó ní òun máa wà níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró sílé, ó ní ṣé òun máa jókòó sílé bí obìnrin tó ń rọbí nígbà tí wọ́n ń ṣe nǹkan yìí. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Igi àkọ́kọ́ wó, ilẹ̀ mì tìtì. Don Saturnino bẹ̀rẹ̀, ó ṣí èèpo rẹ̀ wò. Mímọ́. Kò sí ọ̀nà kankan lábẹ́ rẹ̀, kò sí kòkòrò kankan, ara igi náà ń dán, ó funfun bíi wàrà. Ọkùnrin tó ń di okùn mú yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Rigo pa ẹ̀rọ agégi náà, ó lọ bá Bàbá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí lò ń bẹ̀bẹ̀ fún? Gé e lọ. Ohun tó o wá ṣe nìyẹn."

Ó wà lórí ìdúró títí dọ̀sán. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ó di èjìká mi mú. Kò dì í mú rí.

Ẹtì, 27 Oṣù Kẹta

Ọwọ́ Rigo ti bó. Mo fi ọ̀rá pa á fún un, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń pa òun bí ẹran tí wọ́n fẹ́ yan. Epo ẹ̀rọ tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí, Don Saturnino ló fi owó ara rẹ̀ rà á. Àwọn tó ń la pákó nílùú ní àwọn ò fẹ́ igi tí kòkòrò ti wọ̀, torí pé inú rẹ̀ ti dúdú. Ti Bàbá ni wọ́n fẹ́. Wọ́n kó o lọ ní iye tó ń tini lójú láti gbọ́. Bàbá ò béèrè iye tó jẹ́.

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹrin

Kò sí igi kankan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n! Mo rìn yí etí ibi tá a gé po láti òkè dé odò. Gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn ibi tá a gé ni ewé rẹ̀ tutù. Dunia pè, mo sọ fún un, ó pariwo nínú fóònù bí ọmọdé. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Bàbá! Ẹ sọ fún wọn pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn!"

Mo jíṣẹ́. Bàbá kàn mi orí.

Ẹtì Rere, 3 Oṣù Kẹrin

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. A gbé àgbélébùú yí abúlé ká nínú eruku. Èmi àti àwọn obìnrin ti yan rosquilla, àkàrà kékeré tó rí bí òrùka, láti àná, ilé gbogbo ń ta sánsán wàràkàṣì àti àgbàdo. Rigo jí méjì jẹ kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun máa jẹ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti èṣí.

Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹrin

Mi ò fẹ́ kọ èyí.

Mo lọ fọ aṣọ lódò. Mo gbójú sókè, mo rí wọn ní òdìkejì omi, lókè pátápátá, níbi tí a ò tiẹ̀ ronú kàn. Pupa. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Mo jókòó sórí òkúta pẹ̀lú aṣọ tútù nítan mi.

Mi ò sọ fún Bàbá. Mo sọ fún Rigo nìkan. Ó fọwọ́ bojú, ó ní, "Má ì tíì sọ fún wọn. Jẹ́ kí wọ́n tún sinmi díẹ̀."

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹrin

Bàbá ló pè mí ní ìta láàárọ̀ yìí. "Noemí, o ti ń rìn lórí ẹyin láti ọjọ́ méjì. Ti òdìkejì odò yẹn ni?"

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín?"

"Mo ti rí i ṣáájú Àjíǹde. Mo ní kẹ́ ẹ jẹ rosquilla yín ná."

Mo bú sẹ́kún. Òun ló wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún, èmi tó yẹ kí n máa rẹ̀ ẹ́.

Ajé, 13 Oṣù Kẹrin

Dunia dé. Ó rìn lọ sí òdìkejì, ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tó dé, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn wa láìgba àyè. Ó ní kò sí ibi tí a máa gé mọ́, torí pé kò sí ibi tó máa parí sí. Ó ní wọ́n ti kó gbogbo òṣìṣẹ́ àti epo lọ sí ìhà ibi tí omi ìlú ńlá ti ń wá, kò sì sí nǹkan kan tó kù fún àwa. Ká dáwọ́ dúró.

Bàbá bi í, "Ọmọ mi, tí ewé bá pọ́n, ó ti tó ìgbà wo tí kòkòrò ti wọlé?"

"Bí oṣù kan, Bàbá. Nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Mo rí i tó ń ka ìka. Mo mọ ohun tó ń kà. Oṣù kan sẹ́yìn, ọ̀dà búlúù ti wà lára igi rẹ̀, òun sì ń dúró de òjò.

"Ká ní mo gbà lọ́jọ́ tó o kọ́kọ́ wá ńkọ́?"

Mo wo Dunia. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́ pé kó parọ́. Ó ṣì kéré ju kó mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ fún àgbàlagbà lọ.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Bóyá. Bóyá ó ti kọjá tẹ́lẹ̀ náà. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀."

"O ṣeun," Bàbá ní. Ó wọlé.

Dunia sunkún nínú ọkọ̀ rẹ̀ kó tó lọ. Inú ń bí mi sí i, mi ò lọ bá a. Ìgbà tí eruku ọkọ̀ rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni mo rántí pé mi ò fún un lómi.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹrin

Bàbá ò jẹun.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹrin

Don Saturnino wá kí i. Ẹ̀rù bà mí pé ó fẹ́ wá bu epo síná. Ó gbé àga sún mọ́ ọn, ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Abundio, tèmi náà ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Bàbá ní, "Mo mọ̀. Dárí jì mí."

"Dárí kí ni jì ọ́? Kòkòrò ni ọ́ ni? Jẹ oúnjẹ rẹ, àgbà òṣì. Tó o bá kú, ta ni mo fẹ́ máa bú?"

Bàbá jẹ ẹ̀wà díẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn.

Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹrin

Ibi tí wọ́n ti ń ra oje nílùú ti tìlẹ̀kùn. Kò sí oje tí wọ́n máa rà. Gbogbo òkè ti pọ́n báyìí láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ọkọ̀ àwọn àlejò kan dúró lójú títì lọ́sàn-án, obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó ń ya òkè ní fọ́tò. Ó bi mí pé irú òdòdó wo ló wà lórí àwọn igi yẹn, ó rẹwà gan-an. Mo ní mi ò mọ̀.

Àìkú, 3 Oṣù Karùn-ún

Rigo ní òun máa lọ wá iṣẹ́ sí Àríwá, kọjá Mẹ́síkò. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta míì ló fẹ́ lọ, ọmọ Don Saturnino wà nínú wọn.

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀rọ gé níbí, Noe? Atẹ́gùn?"

Mo ní ká lọ já kọfí. Ó ní kọfí di oṣù Kọkànlá, ṣé ká máa jẹ eruku títí dìgbà yẹn. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní ẹ̀rọ tó fi wó igi Bàbá ló fi ń wó ilé wa báyìí. Ó jáde lọ fi omi fún ẹṣin.

Ẹtì, 8 Oṣù Karùn-ún

Ó lọ. Ó gbé Keyla, ó fi irùngbọ̀n yún un lọ́rùn títí ó fi ń pariwo ẹ̀rín. Mo ti dárí jì í, òun náà ti dárí jì mí. A ò sọ ọ́, àmọ́ mo fi ṣúgà sí kọfí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì mu ún tán láìráhùn.

Ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó súre fún un. Lẹ́yìn náà ló ní, "Rigoberto, o gé e dáadáa. Kò sí igi kan tó o bà jẹ́ bó ṣe ń wó."

Ìgbà yẹn ni Rigo sunkún.

Ẹtì, 15 Oṣù Karùn-ún

Ọdún San Isidro. A gbé ère ẹni mímọ́ náà lọ sóko, a kọrin fún òjò. Ojú ọ̀run mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n fọ̀. Kò sí ìròyìn Rigo.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Karùn-ún

Òjò! Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, kò dá. Keyla jáde sínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ síta, ó jẹ́ kí omi kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó dà á nù.

"Wò ó," ó ní. "Wò ó bó ṣe ń rọ̀ dáadáa."

Ọjọ́rú, 27 Oṣù Karùn-ún

Òjò lójoojúmọ́. Ewé pupa ti ń já bọ́ láti orí àwọn igi tó kù, ó ń ṣàn wọ odò. Igi dúró gbagidi ní ìhòhò káàkiri òkè. Omi odò ti di ẹrẹ̀, mo ń sẹ́ ẹ kí n tó sè é. Kò sí ìròyìn.

Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Karùn-ún

Rigo pè! Ní nǹkan bí ọ̀sán. Ó ti wà ní Mẹ́síkò, ibì kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, àmọ́ ó ń jẹun. Ọmọ Don Saturnino ti padà lójú ọ̀nà, òun ò mọ ibi tó dé. Ó béèrè Keyla, ó béèrè Bàbá.

"Ṣé òjò ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Ó ń rọ̀ báyìí."

Mo rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ló ní, "Noe, gbé fóònù síta. Jẹ́ kí n gbọ́ bí igi ṣe ń ké nínú atẹ́gùn. Ibi tí mo wà yìí, ariwo ọkọ̀ nìkan ni."

Mo jáde. Mo na fóònù sí òkè. Kò sí ewé lórí igi kankan tí atẹ́gùn lè fẹ́. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù wa àti sórí àwọn ìtì igi tó wà nílẹ̀ nìkan ló ń dún, ṣàà, ó ń lọ sókè, ó ń rọlẹ̀. Mo na ọwọ́ títí ó fi ń ro mí.

Mo gbé e padà sétí. Ó ń sunkún díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo gbọ́ ọ," ó ní. "Ọlọ́run mi, mo gbọ́ ọ. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀."

Owó rẹ̀ tán, fóònù já.

Bàbá ti jáde, ó dúró lẹ́yìn mi nínú òjò.

"Kí ló ní?"

"Ó ní òun gbọ́ igi páìnì."

Bàbá wo òkè náà láti òpin kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ́wọ́, ó ní, "Wọlé, ara rẹ ti tutù. Tó bá tún pè, kó o tún gbé e síta fún un."